Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ lọ kọ́ èdè ní yunifásítì

Àbúrò mi,

Inú mi dùn pé o ti wọlé. Èdè òde òní àti àṣà àgbáyé lo máa kà, o sì ní Faransé àti Mandarin lo fẹ́ mú pọ̀. Mi ò ní bá ọ sọ ti àǹfààní. Ìwé ìpolówó yunifásítì ti sọ ìyẹn tán, ó tilẹ̀ ti sọ ọ́ kọjá ibi tó yẹ. Iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sí ọ, torí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló rò pé kíláàsì ló máa fi èdè sáwọn lẹ́nu.

Ṣírò ó wò. Bí èdè kan bá gba wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ sì jẹ́ 24 lọ́dún, wákàtí 120 péré nìyẹn. Lọ́dún mẹ́rin, 480. Foreign Service Institute, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ lédè, ń ya nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 30 sọ́tọ̀ fún Faransé, ó sì ń ya ọ̀sẹ̀ 88 sọ́tọ̀ fún Mandarin, èyí tó jẹ́ wákàtí 2,200. Àwọn yẹn ò ní iṣẹ́ mìíràn, èdè nìkan ni wọ́n ń kọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ìwọ ní lítíréṣọ̀, ìtàn, fíìmù àti èdè kejì lọ́rùn. Ilé lo ti máa rí wákàtí tó kù, wákàtí kan ó kéré tán fún èdè kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́, títí kan ìgbà ìsinmi. Àtúnṣe ni kíláàsì wà fún. Bí o bá dé ibẹ̀ láìtíì ṣe nǹkan kan, kò sí ohun tí olùkọ́ fẹ́ tún ṣe.

Èdè méjì tó o mú yẹn dáa, torí o ti ní Faransé díẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama, Mandarin nìkan lo máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ká ní àtìbẹ̀rẹ̀ ni méjèèjì, màá ní kí o tún un rò. Ẹni tó bá sì ń mú èdè méjì tó jọra, bíi ti Sípéènì àti Pọtogí, kí ó jẹ́ kí ọ̀kan dé ìpele B2 kó tó fọwọ́ kan ìkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. (Ìpele A1 dé C2 tó o máa gbọ́ níbi gbogbo, Council of Europe ló gbé e jáde lọ́dún 2001. B2 ni ibi téèyàn ti lè bá ẹni tó ni èdè náà jiyàn láìfi ọwọ́ sọ̀rọ̀.)

Etí àti ẹnu ni kí o kọ́kọ́ mú. Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn fún ọ. O ti ya e sọ́tọ̀ sí ẹ, o sí ọ, òun gan-an ni Faransé ń ṣe nínú thé àti mère, beau àti porte. Fáwẹ̀lì àránmúpè náà kò ní dà ọ́ láàmú: bon fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọn inú ìbọn mu, vin sì súnmọ́ ẹn inú ìyẹn. Ibi tí wàhálà wà ni u wọn, torí Yorùbá kò ní i. Pe i, má yí ahọ́n kúrò níbi tó wà, kí o wá ká ètè jọ bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Òun nìyẹn. Ẹni tí kò bá ṣe é, dessus àti dessous á di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òkè ni ọ̀kan, ìsàlẹ̀ ni ìkejì.

Ti Mandarin, ohùn mẹ́rin ló ní. Ohùn kìíní jọ mí tiwa, ó kàn dúró sókè gbọnrangandan. Ìkẹta, bí kò bá sí ní òpin gbólóhùn, ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń wà, bíi dò. Ìkejì ń gòkè, ìkẹrin ń já wálẹ̀, ẹnu rẹ sì ti mọ méjèèjì láìfura. Sọ ìwé, kí o gbọ́ bí wé ṣe ń fà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Sọ rárà, irú èyí tí onírárà ń sun, kí o gbọ́ bí rà ìgbẹ̀yìn ṣe ń já. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiwa dúró de ohùn tó ṣáájú, àmọ́ sílébù kan ṣoṣo ni Mandarin fi ń dá a ṣe. Kí o sì fi èyí sọ́kàn: bí ohùn kẹta méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, èkíní á di ohùn kejì. Nǐ hǎo ni wọ́n ń kọ, ní hǎo ni wọ́n ń pè.

Bí o ṣe máa fi kọ́ra nìyí. Mú ohùn ẹni tó ni èdè náà tí wọ́n gbà sílẹ̀, tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ, tó ní àkọsílẹ̀. Gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta láìwo àkọsílẹ̀ yẹn, kọ ohun tó o gbọ́, kí o wá fi wéra, kí o fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó o ti ṣì í gbọ́. Lẹ́yìn náà kí o máa sọ ọ́ tẹ̀ lé onítọ̀hún bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, má dúró dè é kó parí, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Gba ohùn ara rẹ sórí fóònù níkẹyìn, kí o gbọ́ méjèèjì. Ogún ìṣẹ́jú ni gbogbo ẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kéèyàn mú ohùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó máa gbọ́ ọ kọjá bí ẹni ń gbọ́ rédíò.

Nínú gírámà Faransé, akọ àti abo ló máa gba agbára rẹ jù, torí ó kan náà ni àwa fi ń pe ọkùnrin, obìnrin àti àga. Má kọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ kankan lásán láìsí un (ti akọ) tàbí une (ti abo) níwájú rẹ̀. Kọ un arbre, má kọ l'arbre, torí l' yẹn ti gbé akọ mì, o ò ní rí i mọ́. Ìparí ọ̀rọ̀ máa ń tú àṣírí: -tion jẹ́ abo, -ment jẹ́ akọ, -age jẹ́ akọ àyàfi díẹ̀ bíi page, plage, image àti cage.

Ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́wàá lójúmọ́ ti tó. Bí o bá ń lo Anki, áàpù káàdì tó ń rán ni létí ọ̀rọ̀, mẹ́wàá yẹn á bí nǹkan bí ọgọ́rin sí ọgọ́rùn-ún àtúnyẹ̀wò lójúmọ́ kó tó pẹ́. Ẹni tó bá fi 40 kún un lọ́jọ́ Sátidé torí pé ara rẹ̀ yá, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, á ti pa á tì. Gbólóhùn ni kí o kọ síbẹ̀, má kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Fún Mandarin, bo pinyin, ìyẹn ìpè ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà ABD kọ, mọ́lẹ̀ ní kété tó o bá ti mọ ìpè ọ̀rọ̀, torí ojú á máa sá lọ síbẹ̀, o ò sì ní mọ àmì ìkọ̀wé Ṣáínà kankan kà.

Tó bá di ìwé kíkà, ka ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún nínú ojú ewé kan. Bí èyí tó o kò mọ̀ bá ju márùn-ún lọ, ìwé iṣẹ́ nìyẹn, lo ìwé atúmọ̀ èdè. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, kà á lọ láìdúró. O nílò oríṣi méjèèjì.

Apá ti àṣà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fojú tín-ín-rín, ibẹ̀ sì ni máàkì ti ń bọ́ jù. Wọ́n á ka ìwé ìtàn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ fún olùkọ́ tó ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdí tí òǹkọ̀wé fi sọ ọ́ báyìí ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀rí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti inú gbólóhùn èdè náà wá. Má sì jẹ́ kí orúkọ èdè tàn ọ́ nípa ibi tó wà: àwọn ará Brazil tó ń sọ Pọtogí lé ní igba mílíọ̀nù, ti Pọ́túgà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà rèé. O máa rò pé tu àti vous ti Faransé ni o àti ẹ tiwa. Wọ́n jọra, àmọ́ ọjọ́ orí ló ń darí tiwa jù, nígbà tó jẹ́ ìsúnmọ́ra ló ń darí tiwọn. Ọmọdékùnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù, vous ni, bàbá àgbà ẹni sì lè jẹ́ tu. Ní àwọn apá ibì kan ní Kòlóńbíà, usted, ìyẹn ẹ ti èdè Sípéènì, ni àwọn ará ilé kan náà ń pe ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé tú, ìyẹn o wọn, ló gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Sípéènì. Ojú ni kí o fi ṣọ́ èyí, ibi kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtumọ̀ ńkọ́? Lò ó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó o bá ti kọ tìrẹ tán. Fi méjèèjì wéra, kí o sì bi ara rẹ ìdí tí ẹ̀rọ fi yàn ohun tó yàn. Ẹni tó ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó jù ú sínú ẹ̀rọ á gba máàkì iṣẹ́ àmúrelé, ṣùgbọ́n bébà àti bírò ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú ẹni nínú yàrá ìdánwò.

Ó ku ọdún òkèèrè. Má lọ kí o tó dé B1, torí ẹni tí kò bá lè dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n á fi dá a lóhùn, á sì mọ́ wọn lára. Sá fún ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì pọ̀ sí. Ọ̀rẹ́ rere ni wọ́n, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa máa sọ. Gba yàrá nínú ilé tí onílé wà, kí o sì yan ìlú kékeré ju olú ìlú lọ. Ti Mandarin, bi ẹ̀ka rẹ bóyá àmì tí wọ́n mú rọrùn ni wọ́n fi ń kọ́ yín, torí Taiwan ṣì ń lo àmì àtijọ́. Kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, jẹ́ kí ẹ̀ka rẹ fọwọ́ sí orúkọ kọ́ọ̀sì tó o máa ṣe níbẹ̀ àti iye yúníìtì rẹ̀. Bí kọ́ọ̀sì kan bá sì yí padà nígbà tó o débẹ̀, bó ṣe sábà máa ń rí, kọ ímeèlì sí wọn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí o tọ́jú èsì wọn, torí òun lo máa fi hàn wọ́n bí yúníìtì rẹ ò bá pé nígbà tó o bá padà.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ ni.