Akoto nìkan kọ́ ni ààbò

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Fọ́máàn bíríkìlà ni mí, Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé nílùú Òṣogbo. Àwọn onílé àti kọngílá ìlú wa ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Tí èèyàn bá ti dárúkọ ààbò fún wọn, wọ́n á ní àwọn ti ra akoto. Akoto dára. Ṣùgbọ́n kí ni akoto fẹ́ ṣe fún ẹni tí kòtò wó lù mọ́lẹ̀?

Kòtò ló ń bà mí lẹ́rù jù lásìkò òjò yìí. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ sókàwéè. Alágbàṣe wà nísàlẹ̀, kòtò ti jìn ju ìdúró rẹ̀ lọ, wọ́n sì wọ́ gbogbo erùpẹ̀ tí wọ́n wa jáde jọ sétí kòtò gan-an. Erùpẹ̀ tó jẹ́ mítà kan lóòró, mítà kan níbùú, mítà kan níjìn, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ká má tíì sọ ti omi òjò. Tó bá bo èèyàn dé àyà, ó lè má lè mí mọ́. Ilẹ̀ lè wó láìsọ, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, á kọ́kọ́ lanu lẹ́bàá etí kòtò, erùpẹ̀ wẹ́wẹ́ á máa já bọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan máa wò ó láràárọ̀, àti lẹ́yìn òjò, kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Níbi iṣẹ́ kan lápá Ìgbòná, mo ní kí wọ́n kó erùpẹ̀ jìnnà sétí kòtò, kí wọ́n fi pákó àti igi ti ògiri rẹ̀. Onílé ní owó pákó ò sí nínú ìṣirò òun. Mo kó àwọn ọmọṣẹ́ mi kúrò níbẹ̀. Títí di òní, kò tíì san owó iṣẹ́ tá a ti ṣe. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́.

Ti wáyà iná náà ń kọ́? Òṣogbo níbí ni wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà, síbẹ̀ a ń na irin gígùn sókè sórí dẹ́kìn lábẹ́ wáyà 11,000 fólítì. Iná yẹn lè fò sára irin láì tíì kàn án. Ẹ gba ẹ̀yìn ilé gbé irin wọlé, tàbí kí ẹ ní kí iléeṣẹ́ mànàmáná pa iná ọ̀hún kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ wà nílẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ní láti máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó náà. Òfin náà kò yọ alágbàṣe sílẹ̀, kò yọ ọmọṣẹ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ru kọnkéré ni kò gbọ́ èyí rí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fi ọ̀dà pupa kọ ara ilé wa ni pé, tí wọ́n bá ti wo pílánù tán, kí wọ́n rìn dé etí kòtò, kí wọ́n gbójú sókè wo wáyà, kí wọ́n sì béèrè ìwé NSITF lọ́wọ́ kọngílá.

Fọ́máàn bíríkìlà,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.