Déjì, mo ti rí nǹkan fi Forth ṣe

Òṣogbo,
alẹ́ Sátidé.

Déjì ọmọ ìyá mi,

Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Màmá ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Tọ́sìdeè wá ṣe fọ́tókọ́pì, wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé ọ̀sẹ̀ méjì rèé táwọn ò ti gbóhùn ẹ. Mo ti jíṣẹ́ o, ọwọ́ mi ti mọ́.

Ọ̀rọ̀ Forth, èdè tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, tí mo sọ fún ẹ níjelòó, tóo fi rẹ́rìn-ín títí tóo fi ń wúkọ́, tóo ní ta ló máa gbà mí síṣẹ́ torí ìyẹn, pé kí n lọ kọ́ Python bíi ti gbogbo ayé. O ò parọ́. Mo gbọ́ Python díẹ̀díẹ̀, òun ni mo fi ń ṣe àkọsílẹ̀ owó ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tóo fi sílẹ̀ fún mi yẹn, tó jẹ́ pé tóo bá ṣí Chrome lórí ẹ̀ wàá lọ jẹun kóo tó padà wá bá a, Forth ń sáré lórí ẹ̀ bí ọmọ ọdún méjì tó rí ìyá ẹ̀ tó ń ti ọjà bọ̀. Iná ò sí, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, bátìrì ń gbé wákàtí kan àtààbọ̀, kí lèèyàn tún fẹ́ ṣe jàre.

Ṣóo rántí télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi l'Ọláìyá? Aṣọ tó bá wọlé kẹ́yìn, orí òkìtì ló ń gbé e lé, orí òkìtì náà ló sì ti ń mú èyí tó fẹ́ rán, ìdí nìyẹn táṣọ tí mo gbé fún un ṣáájú Iléyá fi wà nísàlẹ̀ pátápátá dòní olónìí. Forth gan-an nìyẹn. Nọ́ńbà tóo bá tẹ̀, orí òkìtì ló ń lọ, àmì ìṣirò ló máa ń kẹ́yìn, òun ló máa mú méjì tó wà lókè, á ṣe wọ́n pọ̀, á dá èsì padà sórí òkìtì. Tóo bá tẹ 2 3 + . ó máa fún ẹ ní 5, àmì ìdánudúró (.) tó gbẹ̀yìn yẹn ló ní kó gbé e síta. Swap náà wà, òun ló ń jẹ́ kí méjì òkè pààrọ̀ àyè, bí ìgbà tóo bá rọra ki 200 náírà bọ ọmọ iṣẹ́ télọ̀ lápò.

Charles Moore ará Amẹ́ríkà ló ṣe é. Fourth ló fẹ́ pè é, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà IBM 1130 tó ń lò nígbà yẹn ò gbà ju lẹ́tà 5 lọ fún orúkọ fáìlì, ló bá yọ u dànù. Wọ́n fi darí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ ní Kitt Peak, ní Arizona. Philae, ẹ̀rọ táwọn ará Yúróòpù gbé bà lé kọ́mẹ́ẹ̀tì (ìràwọ̀ onírù) ní November 2014 náà, ṣíìpù RTX2010, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó wà nínú ẹ̀, Forth ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Èdè tóo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ti dé ibi tí físà ẹ ò lè gbé ẹ dé láéláé.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà gan-an rèé. Mo lọ kí ìyá àgbà l'Ókè-Baálẹ̀, wọ́n ń ka obì, wọ́n dé márùndínláàádọ́ta, mo kàn ṣàdédé rántí bí àwọn tíṣà ṣe nà wá ní kíláàsì torí ẹ̀, àwọn kan náà tó tún ń nà wá tá a bá sọ Yorùbá. Mo délé, mo tẹ 5 50 - . ó gbé -45 jáde. Ó fẹ́ yọ 50 kúrò lára 5! Ìyá àgbà mú 5 ṣáájú lóòótọ́, àmọ́ ara 50 ni wọ́n ti yọ ọ́. Forth sì máa ń jẹ́ kéèyàn dá ọ̀rọ̀ tiẹ̀ sílẹ̀, kọ́lọ́ọ̀nù níwájú, sẹ́mí-kọ́lọ́ọ̀nù lẹ́yìn, orúkọ tó bá wù ẹ́. Mo kọ:

: dín swap - ;
: ogún 20 * ;

5 50 dín . ló bá di 45. Mo wá ní dúró ná, àádọ́ta fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣebí ogún mẹ́ta ó dín mẹ́wàá ni. Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí:

5 10 3 ogún dín dín .

45! 3 ogún di 60, dín àkọ́kọ́ yọ 10, dín kejì yọ 5, kò sí brákẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀. Mo pariwo débi pé ọmọ iṣẹ́ mi rò pé wọ́n ti mú iná dé. Mo dá ọ̀rọ̀ igba náà sílẹ̀ bíi ti ogún, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta di 100 3 igba dín, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀tàlá di 100 13 igba dín, ó ṣáà ń lọ.

Ló bá dọjọ́ kejì. Mo kọ díẹ̀ sínú fóònù, mo fi blútúùtù gbé e sí láptọ́ọ̀pù, Forth ní òun ò mọ ọ̀rọ̀ náà, Undefined word, >>>dín<<<. Dín tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀! Òru méjì, Déjì. Ìgbà tí mo fi hexdump, tó ń fi nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi pa lẹ́tà mọ́ hàn, wo ikùn fáìlì ló tó yé mi: í ti fóònù jẹ́ odidi kan, C3 AD, ti láptọ́ọ̀pù jẹ́ i lásán, 69, kí àmì òkè tó tẹ̀lé e lọ́tọ̀, CC 81. Lójú tèmi tìẹ ìbejì ni wọ́n, Forth ò mọ̀ wọ́n mọ́ra rárá. Python tìẹ yẹn ni mo padà fi sọ gbogbo fáìlì di irú kan náà, má rẹ́rìn-ín.

Ibi tí mo wà báyìí ni kí n tẹ 45 kó pe márùndínláàádọ́ta fún mi, ìyẹn ń fojú mi gbolẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé 44 ṣì ń lé, 45 ti ń dín. Mo fẹ́ kó máa pe owó fún ìyá àgbà, wọn ò ríran ka rìsíìtì mọ́.

Tóo bá ń bọ̀ ní December, má wulẹ̀ ru ṣokoléètì wá, bátìrì láptọ́ọ̀pù yìí ni kóo bá mi mú bọ̀. Kóo sì pe màmá ẹ, lálẹ́ yìí.

Èmi ni,
Mufu