Ẹ̀sùn Lórí Àwo Sarah Vaughan Tí Ẹ Tà Fún Mi: Àwọn Elégbè Dà?

Bódìjà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Ìtọ́jú Àwọn Oníbàárà.

Ọ̀gá tí mo bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi ni oníbàárà tí ó ra àwo orin Sarah Vaughan, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Clifford Brown lọ́wọ́ yín ní oṣù tó kọjá. ₦58,000 ni mo san pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú àpòòwé yìí. Ìpolówó tí ẹ ṣe lórí rédíò ni ó fà mí wá sọ́dọ̀ yín. Èdè Yorùbá tó já geere ni ẹ fi ṣe é, nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ẹ ó lè gbọ́ ẹjọ́ mi ní èdè kan náà. Ẹ ní ẹ tún àwo náà tẹ̀ “bí ó ti rí gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́.” Ohun tí ó dé ọwọ́ mi kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dá mi lóhùn sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe àwo náà, pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ etí àgbà. Ọdún 31 ni mo ti ń tẹ dùùrù fún akọrin ìjọ wa, bí etí mi bá ti di, àwọn akọrin ni yóò kọ́kọ́ sọ fún mi.

Kì í ṣe òní ni mo mọ àwo yìí. Bàbá mi, tí ó jẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ní ẹ̀dà kan tí a máa ń gbọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí ó bá ti bọ́ agbádá tí ó sì jókòó sórí àga aláṣọ rẹ̀. Ẹ̀dà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó ti họ débi pé abẹ́rẹ́ a máa fò lórí orin méjì tó kẹ́yìn ní ojú kejì. Nítorí àtigbọ́ orin méjì yẹn láìsí ìfòfò ni mo ṣe ná owó mi, mi ò sì mọ̀ pé n óò tún máa sá padà sọ́dọ̀ èyí tó họ láti gbọ́ àwọn méje yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí àwo náà jẹ́, nítorí ó jọ pé àwọn tí ó tún un tẹ̀ fún yín kò bìkítà. Ní ọjọ́ 16 àti ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní ìlú New York, ni Sarah Vaughan kọ orin mẹ́sàn-án yìí fún EmArcy, ẹ̀ka tí ilé-iṣẹ́ Mercury yà sọ́tọ̀ fún orin jáàsì. Ní ọ̀dọ̀ Mercury fúnra rẹ̀, orin tí yóò yá tà lójú ọjà ni wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a sì to àwọn onífáólíìnì rẹpẹtẹ sẹ́yìn rẹ̀. Ní EmArcy ni ó ti ń ráyè kọrin bí ọkàn rẹ̀ ṣe fẹ́. Àwọn mẹ́fà péré ni ó wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà: Clifford Brown fọn tọ́ńpẹ́ẹ̀tì, Paul Quinichette fọn sasofóònù, Herbie Mann fọn fèrè, Jimmy Jones tẹ píánò, Joe Benjamin ta okùn béèsì, Roy Haynes sì lu ìlù. Ernie Wilkins ni ó to orin náà fún wọn tí ó sì darí wọn. Àwọn orin ọ̀hún gan-an ti gbó lẹ́nu aráyé nígbà yẹn. Ọdún 1932 ni “April in Paris” ti wà, “September Song” ti wà láti 1938, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Gershwin sì ti kọ “Embraceable You” kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣeré lórí àwo yìí tó gba iṣẹ́ olórin. Orin tí gbogbo ayé ti mọ̀ kò ní ìdí tí a ó fi rà á ní ₦58,000. Ohun tí mo rà ni bí àwọn ènìyàn méje yẹn ṣe pín in láàárín ara wọn, tí ẹnì kan ń lé tí àwọn yòókù ń gbè, tí ẹni tó ń gbè tún ń gba orin náà lé, tí olórin obìnrin náà á sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pátápátá, bíi ti inú “Lullaby of Birdland,” tí á máa fi ohùn lásán ṣe ohun tí àwọn onífèrè ń fi fèrè ṣe. Nínú ìwé orin ìjọ wa, abẹ́ ẹsẹ kìn-ín-ní ni wọ́n máa ń kọ “Ègbè” sí. Bí ẹnì kan bá fi sísọ́ọ̀sì gé gbogbo ègbè kúrò, ẹsẹ yóò ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n n kò mọ ìjọ tí yóò ra ìwé náà.

Ohun tí ẹ ṣe sí àwo yìí nìyẹn, ọ̀nà tí ẹ sì gbà ṣe é ju ẹyọ kan lọ.

Èkínní, ẹ fi kọ̀ǹpútà fa ohùn Sarah Vaughan síwájú, ẹ wá ti àwọn mẹ́fà yòókù sẹ́yìn bí ẹni pé inú yàrá kejì ni wọ́n ti ń ṣeré tí a sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ wọn. Ẹ gbọ́ “Embraceable You.” Kò sí onífèrè kankan nínú orin yẹn, píánò, béèsì àti ìlù nìkan ni, a sì fi í lélẹ̀ jẹ́jẹ́ débi pé lórí ẹ̀dà bàbá mi, èmi a máa gbọ́ bí ìka Joe Benjamin ṣe ń fi okùn sílẹ̀. Lórí èyí tí ẹ tà fún mi, béèsì ti di ìró wúù kan nísàlẹ̀, ìlù ní tirẹ̀ sì pòórá. Mo mọ ohun tí ó fà á. Téèpù àtijọ́ máa ń ní ìró ṣìì kan lẹ́yìn, ẹ sì fẹ́ mú un kúrò. Ṣùgbọ́n òkè ibi tí ìró ṣìì yẹn wà náà ni aro onílù wà, àti ìró igi ìlù tí orí rẹ̀ dà bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi ń ra awọ ìlù. Ẹ ń fẹ́ ìyàngbò, ẹ fẹ́ ìrẹsì dànù mọ́ ọn. Ní tèmi, mo lè fara da ìró ṣìì títí di alẹ́.

Lórí páálí àwo náà, ẹ kọ “sítẹ́rió pípé” pẹ̀lú lẹ́tà oníwúrà. Mónò, níbi tí gbogbo ìró ti para pọ̀ sójú kan láìpín sí ọ̀tún àti òsì, ni wọ́n gba orin yìí sílẹ̀ ní 1954. Àwo sítẹ́rió kò dé ọwọ́ àwọn oníbàárà káàkiri títí di 1958. A kò lè rí nínú téèpù ohun tí a kò fi sí i, nítorí náà èyí tí ẹ pè ní sítẹ́rió kò ju pé ẹ ju ìró kan sí apá ọ̀tún, ẹ ju òmíràn sí apá òsì, ẹ sì da ìró tí ń dún padà bo gbogbo rẹ̀, tí obìnrin tí ó ní ohùn tó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ yẹn fi ń dún bí ẹni tí ó jábọ́ sínú kànga tí ó ń ké sí àwọn ará ilé.

Àwo náà tún ń sáré. Mo fi dùùrù wò ó ní orin kọ̀ọ̀kan: ó ga ju ẹ̀dà bàbá mi lọ ní ìdajì ohùn kan, ìyẹn láti ojú dùùrù kan sí èyí tó kàn án gan-an. Ẹ lè sọ pé ẹ̀rọ mi ni ó ń yí ju ìgbà 33⅓ lọ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n orí ẹ̀rọ kan náà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ni mo ti gbọ́ ẹ̀dà bàbá mi àti àwo mìíràn méjì, dùùrù sì bá gbogbo wọn mu rẹ́gí. Kí ohùn tó fi ìdajì ga, àwo ní láti yára jù ní bí ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí yóò jẹ bí ìṣẹ́jú-àáyá 13 mọ́ orin tí ó yẹ kí ó gba ìṣẹ́jú 4 lọ́wọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ti àtijọ́ rí lè máà fura. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ohùn Sarah Vaughan, níbi tí ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi nǹkan kan mú, ti di ohùn ọmọdébìnrin tí ó ń kánjú lọ síbi ayẹyẹ.

Gbogbo ìwọ̀nyí, mo lè bá yín fi ẹ̀rín gbà á bí kò bá sí ti “April in Paris.” Orin yẹn lé ní ìṣẹ́jú 6. Sarah Vaughan á kọ ọ́, á dákẹ́, àwọn tó bá a ṣeré á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó padà wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Lórí àwo yín, kò pé ìṣẹ́jú 4. Ní kété tí obìnrin náà mí sínú ni ẹ ti gé e, ẹ sì lẹ ìpadàbọ̀ rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ojú ibi tí ẹ ti rán an hàn ketekete, nítorí aro tí Roy Haynes ṣẹ̀ṣẹ̀ lù kò ráyè parí ìró rẹ̀. Nínú ibi tí ẹ gé ni Clifford Brown wà. Ẹni ọdún 24 ni ọkùnrin náà lọ́jọ́ tí ó fọn ọ́n. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1956, ọkọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ já lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní Pennsylvania ní òru, òun àti Richie Powell tí ń tẹ píánò nínú ẹgbẹ́ wọn àti ìyàwó Powell tí ó ń wa ọkọ̀ náà sì kú pọ̀. Kò tí ì pé ọdún 26. Ọdún díẹ̀ ni ó fi ṣiṣẹ́ nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún fọn òmíràn fún un, nítorí náà ohun tí ó fi sílẹ̀ kò tó èyí tí oníṣòwò kan yóò máa fi gígé dín kù kí orin lè wọ inú àyè tí ó fẹ́. Ẹ wá kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí iwájú páálí láti fi pe oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kàn. Nínú ìwé pẹlẹbẹ tí ó bá àwo wá, ẹ kọ ọ́ pé Lester Young ni ó fọn sasofóònù. Kò sí níbẹ̀. Paul Quinichette ni, ẹni tí bí ó ṣe ń fọn sasofóònù jọ ti Lester Young tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Igbákejì Ààrẹ, nítorí Ààrẹ ni ìnagijẹ Lester Young láàárín àwọn olórin. Ẹ ti yọ Igbákejì nípò, ẹ fi Ààrẹ tí kò wá sípàdé sí i. Herbie Mann àti Joe Benjamin, ẹ kò dárúkọ wọn rárá. Roy Haynes, tí ó lu ìlù fún Sarah Vaughan láti 1953 títí dé 1958, tí ó sì pé ẹni ọdún 99 kí ó tó kú ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá, òun náà wà lára àwọn tí ẹ kó pọ̀ sábẹ́ “àti àwọn mìíràn.” Obìnrin tí ẹ fẹ́ gbé ga lórí wọn kò hu irú ìwà yẹn. Ní 1954 kan náà, nínú orin rẹ̀ tí ń jẹ́ “Shulie a Bop,” láàárín orin gan-an ni ó ti ń dárúkọ àwọn tí ń gbè é lọ́kọ̀ọ̀kan, John Malachi, Joe Benjamin, Roy Haynes, tí ẹni tí ó bá dárúkọ á sì fi ohun èlò rẹ̀ jẹ́ ẹ.

Lẹ́tà tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá sọ pé ohùn olórin ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ń fẹ́, àti pé ẹ ó fún mi ní ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá lórí àwo mìíràn tí mo bá rà. Mo dúpẹ́ fún ìfilọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Ó ṣeé ṣe kí oníbàárà kan wà tí irú rẹ̀ wù ú. Ẹ tà á fún un pẹ̀lú orúkọ tó jẹ́ tirẹ̀. Èmi ni ẹ sọ fún pé bí ó ti rí gẹ́lẹ́ ni.

Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ dá ₦58,000 mi padà, kí ẹ sì rán ẹni tí yóò wá gbé àwo náà lọ́dọ̀ mi lórí ìnáwó yín. Mo tún ń béèrè pé kí ẹ yọ “sítẹ́rió pípé” àti “bí ó ti rí gẹ́lẹ́” kúrò nínú ìpolówó yín, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní kedere pé ẹ gé “April in Paris,” kí ẹ sì tún ìwé pẹlẹbẹ náà tẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ẹ bá ní ẹ̀dà tí a kò fọwọ́ kàn, ní mónò, tí ó pé, tí ó sì ń yí bó ṣe yẹ, n óò gbà á dípò owó láìjanpata. Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà, n óò kó gbogbo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi lọ síwájú FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà tí ọjà rẹ̀ kò bá àpèjúwe mu.

Mo fi ojú àwo náà pamọ́ sínú ọ̀rá tí ó bá wá, mi ò sì tíì gbé e sórí ẹ̀rọ mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti fi dùùrù wò ó. Ẹni tí ẹ bá rán wá lè bá mi nílé láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yàtọ̀ sí ọjọ́bọ̀ tí a máa ń ṣe ìdánrawò akọrin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Oníbàárà yín ní Bódìjà.