Ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ọmọ ológbò, kì í ṣe mílíìkì

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àsìkò sì ti tó tí àwọn èèyàn máa ń ṣalábàápàdé ọmọ ológbò nínú gọ́tà, lábẹ́ ìsọ̀ ọjà, tàbí nínú páálí tí ẹnì kan gbé sílẹ̀ lójúde tó sì sá lọ. Àwọn tó ń gbé wọn wálé ń pọ̀ sí i, a dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ológbò náà kì í rí ọjọ́ kejì, òde kọ́ ni wọ́n sì ń kú sí. Inú ilé ni, lórí táwẹ̀lì, pẹ̀lú mílíìkì lẹ́nu. Ohun tó yẹ kí ó kẹ́yìn ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ ṣe fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ lẹ́tà yìí.

Bí ọmọ ológbò bá rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí inú ẹnu rẹ̀ bá tutù, oúnjẹ kọ́ ló kàn. Ara tó ti tutù kì í lè da oúnjẹ: mílíìkì á kàn jókòó síkùn ni, á kan, ikùn á wú, tàbí kí ó padà gòkè kí ó ya sí ẹ̀dọ̀fóró. Tẹmómítà tí a fi ń wo ibà ọmọdé wúlò níbí. Ẹ fi Vaseline pa á lórí, ẹ rọra tì í bọ ihò ìdí rẹ̀ díẹ̀. Bí ohun tó kà bá wà nísàlẹ̀ 35°C, ẹ má tíì fún un ní nǹkan kan jẹ. Ọmọ ológbò oṣù kan tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 38 sí 39.

Ike omi tí ẹ ti mu tán ni ẹ ó lò. Ẹ rọ omi gbígbóná sí i, kí ó jẹ́ èyí tí ọwọ́ yín lè gbà, ẹ fi táwẹ̀lì wé e, ẹ gbé e sí apá kan páálí. Apá kan ni mo wí o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ ológbò gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò wọ́ lọ bí ooru bá pọ̀ jù, torí èyí tí kò lágbára láti kúrò lórí ike á jóná níbẹ̀ láìké. Bí irun rẹ̀ bá tutù, ẹ kọ́kọ́ nù ún gbẹ. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò èédú, èéfín rẹ̀ ń pani, ẹ má sì sá a sóòrùn. Ooru náà gbọ́dọ̀ rọra wọlé ni: wákàtí kan sí mẹ́ta. Omi inú ike kì í pẹ́ tutù, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀, torí ike tó ti tutù á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru ara rẹ̀ jáde ni. Bí wọ́n bá mú iná lọ, kò kan ike omi, ìyẹn ló fi dáa ju gílóòbù lọ nílùú wa yìí. Bí ó ti ń móoru lọ́wọ́, ẹ fi omi díẹ̀ pò gúlúkóòsì, kí ẹ fi orí ìka yín rà á sí èrìgì rẹ̀. Kí ẹ rà á o, ẹ má dà á.

Omi ló tẹ̀ lé ooru. Ẹ fọwọ́ kan èrìgì rẹ̀: bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ìka, omi ti tán lára rẹ̀. ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mómi, tí wọ́n ń tà nílé oògùn dáa, kí ẹ pò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ sì máa fi síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́ kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò bá lè gbé e mì, ọwọ́ dókítà ẹranko ló kù tí yóò gba omi sí abẹ́ awọ. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì. Ní Abẹ́òkúta, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ní tiwọn.

Ìgbà tí ara bá ti gbóná tán ni mílíìkì kàn. Mílíìkì màlúù, ti agolo ni o, ti lúbúlúbú ni o, máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru, torí ìfun rẹ̀ kì í lè da ṣúgà inú rẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru náà ni yóò sì gbẹ omi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i lára. Mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn dókítà ẹranko. Bí kò bá sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mílíìkì ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ti yọ ṣúgà mílíìkì kúrò nínú rẹ̀ lè gbà á dúró fún ọjọ́ kan tàbí méjì, àmọ́ kò lè fi dàgbà.

Ẹ wọn ọmọ ológbò lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Gíráàmù 100 kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀, mílílítà 20 ni lóòjọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju mílílítà mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó wọn gíráàmù 300, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò gba 60 lóòjọ́: 12 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀marùn-ún, tòru-tọ̀sán. Èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì sí mẹ́ta lọ láìjẹun. Ikùn rẹ̀ ni kí ó dọ̀bálẹ̀ lé, kí orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń mu ọmú ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ bí ọmọ èèyàn, mílíìkì á gba ọ̀nà èémí lọ, lọ́jọ́ kejì á máa mí wúruwùru, ó parí. Bí mílíìkì bá yọ ní imú, ẹ dúró, ẹ tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ nù ún. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ra ìdí rẹ̀ títí yóò fi tọ̀, nítorí títí tí yóò fi pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò lè dá ṣe é. Ìyá rẹ̀ ni ì bá fi ahọ́n ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ ní àkókò kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Gíráàmù 10 sí 15 ló yẹ kí ó máa fi sanra lójúmọ́. Òṣùwọ̀n ti máa ń sọ̀rọ̀ kí ojú tó rí i: èyí tí kò sanra fún ọjọ́ kan, ẹ fojú sí i lára, èyí tó bá rù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí eyín iwájú bá ti ń yọ, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ lè máa fi ẹja Titus sísè kọ́ ọ, kí ẹ yọ eegun rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ múyẹ́. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, pàápàá jù lọ kò sí àlùbọ́sà, torí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Ẹ̀bà kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, ẹran ni a dá a láti jẹ.

Ó kan ohun tó ń bí wa nínú jù. Wọ́n á rí eégbọn àti kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń ta pọ́n lára rẹ̀, ni wọ́n bá fi Izal wẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn á lo Dettol, karosíìnì, tàbí ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní ohun tí ẹ̀dọ̀ ajá àti tèèyàn fi ń fọ irú májèlé yìí dànù, ohun tó bá sì wà lára rẹ̀, yóò lá a. Parasitámọ́ọ̀ kan péré, oní 500, lè pa ológbò tó ti dàgbà. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin ń mú un gbọ̀n títí yóò fi kú. Òtapíàpíà kò tiẹ̀ yẹ kí ó wọ yàrá tí ó wà. Ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ti tó: kí ẹ kọ́kọ́ fi yí ọrùn rẹ̀ ká kí àwọn kòkòrò má baà sá lọ sójú, kí ẹ wẹ ara yòókù, kí ẹ fi kóòmù onítẹ́ẹ́rẹ́ yà á, kí ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ dá a padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike omi. Èyí tó ṣì tutù, ẹ má wẹ̀ ẹ́, kóòmù nìkan. Bí èrìgì rẹ̀ bá funfun, wọ́n ti mu ún lẹ́jẹ̀ tán nìyẹn, kí ẹ máa sáré lọ sílé ìwòsàn. Epo pupa tí a sì máa ń dà sẹ́nu ẹran tó jẹ májèlé, kò pa májèlé kankan. Ẹ̀dọ̀fóró ló sábà máa ń gbẹ̀yìn wọ̀.

Èyí tó ń sín, tí ojú rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan tí ẹ gé lórí, sínú omi píọ̀ wọ́tà ọ̀rá kan tí ẹ ti sè, ni ẹ ó fi nu ojú náà. Òwú ojú ọ̀tún, ẹ má fi kan tòsì. Ológbò tí imú rẹ̀ dí kì í jẹun, torí òórùn ló fi ń mọ oúnjẹ, ẹ mú ẹja náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí òórùn rẹ̀ lè dìde. Èyí tó bá ń bì, tó ń yàgbẹ́, tí kò sì fẹ́ jẹun, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù. Àrùn kan wà níbẹ̀ tí kòkòrò rẹ̀ lè wà nílẹ̀ fún ọdún kan. Hypo ló ń pa á, ìdá kan sí omi ìdá 30, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ó sì wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó ṣàn án. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́rin títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi wà ní oṣù mẹ́ta. Oògùn aràn, láti ọ̀sẹ̀ méjì, kí dókítà fi ìwọ̀n ara ṣírò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ológbò dúdú lọ́rùn, a ò ní dá sí i. Ike omi kan náà ni gbogbo wọn ń fẹ́.

Bí ara rẹ̀ bá ti le, tí ẹlòmíràn fẹ́ mú un, kí ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ 12 ló dára jù, torí lọ́dọ̀ ìyá àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ bí a kì í ṣeé buni jẹ. Àpò ìrẹsì ni àwọn èèyàn wa fi ń gbé ológbò, kí ó má baà mọ̀nà padà. Wọ́n á délé, wọ́n á fi okùn so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Okùn kò kọ́ ológbò nílé rí. Bí ẹ̀rù bá bà á, á fò gun fèrèsé, okùn á sì so ó rọ̀. Apẹ̀rẹ̀ ọlọ́mọrí tàbí páálí tí ẹ lu ihò sí ni kí ẹ fi gbé e, kí ilẹ̀kùn rọ́pò okùn.

Nílé tuntun náà, yàrá kan ṣoṣo ni kí ó kọ́kọ́ wà, kì í ṣe gbogbo ilé. Abọ́ pẹrẹsẹ oníyanrìn ní igun kan, oúnjẹ ní igun kejì, nítorí ológbò kì í fẹ́ jẹun létí ṣáláńgá rẹ̀. Kí ẹ dá páálí kan dùbúlẹ̀ fún un láti sá sí, kí ẹnikẹ́ni má sì fà á jáde nínú rẹ̀. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ má tẹjú mọ́ ọn, òun ni yóò wá bá yín. Ọmọ ológbò lè ṣe é lọ́jọ́ mẹ́ta, àgbà lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìfarapamọ́ kì í ṣe àìsàn, àìjẹun ni ẹ ó máa ṣọ́: ọmọ ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ kan, tàbí àgbà tí kò jẹun fún ọjọ́ méjì, dókítà ló kàn. Bí ológbò mìíràn bá wà nílé, ẹ fi aṣọ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan, ẹ gbé e fún èkejì láti gbóòórùn, kí ẹ sì máa fún àwọn méjèèjì lóúnjẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjì ilẹ̀kùn títí wọn kò fi ní máa halẹ̀ mọ́ ara wọn mọ́. Kí ó tó jáde síta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó sì jẹ́ pé ebi ń pa á, kí ohùn tó ń pè é jẹun lè fà á wálé.

Ẹ̀yin oníṣòwò ìrẹsì àti ẹ̀wà tó ń wá ológbò fún èkúté, ẹ bọ́ ọ yó, yóò ṣì pa èkúté. Àmọ́ ẹ kó májèlé èkúté kúrò ní ṣọ́ọ̀bù pátápátá, torí èkúté tó jẹ májèlé náà ni ológbò yóò jẹ. Aláboyún má kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó gba ilé ìwòsàn lọ. Abo lè lóyún láti oṣù mẹ́rin, oyún rẹ̀ kò sì ju bí oṣù méjì lọ, nítorí náà ẹ tètè bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ abẹ kí páálí mìíràn má baà tún dé ojúde ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé e lé ẹni tuntun lọ́wọ́, ẹ fi aṣọ tó ń sùn lé kún un láìfọ̀, ẹ bu iyanrìn rẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá, kí ẹ sì fi ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí àti ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ tì í lẹ́yìn.

Àwa ni,
Alágbàtọ́ ológbò, Ìbàdàn