Irú tí mo sè ní Kubwa

Bùkọ́lá mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Mo fẹ́ pè ọ́ lálẹ́ àná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ti orí fóònù lọ.

Mo ti sè irú! Èmi Àṣàkẹ́, ní Kubwa níbí. Ìyá Háúsá kan lọ́jà wa ló ta wóró rẹ̀ fún mi. Kalwa ni wọ́n ń pè é. Tó bá di irú tán, ó di dàddawá. Mo gbé e kaná èédú nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, ilẹ̀ mọ́, ó ṣì ń hó. Mo rọra gún un lódó kí èèpo rẹ̀ lè bó. Mo kọ orin yẹn, o mọ èwo, títí àwọn ará ilé kejì fi yọjú. Mo fi omi ṣàn án títí apá fi ń ro mí, mo tún un sè, mo sẹ́ ẹ, mo dà á sínú igbá, mo fi ewé bò ó. Ọyẹ́ mú, nítorí náà mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì Bàbá Dúró wé e. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kẹta, òórùn ẹ̀yìnkùlé yín ní Ṣakí gba gbogbo ilé kan. Omijé bọ́ lójú mi.

Làídé ti ń rìn. Dúró ti bọ́ lọ́wọ́ ibà.

Oṣù kẹta rèé tí wọn ò tíì sanwó fún Bàbá Dúró níbi iṣẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àìsówó ló kọ́kọ́ fà á, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n bí owó náà bá dé lọ́la, n kò ní ra irú mọ́. Tọjà, n kò mọ ẹni tó ṣàn án, yanrìn a sì máa wà níbẹ̀. Tèmi yìí, ọwọ́ mi ni gbogbo wóró rẹ̀ gbà kọjá. Dúró jókòó tì mí, ó ń bá mi ṣa èèpo, ó ń bi mí bí èmi àtìwọ ṣe rí ní kékeré. Kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Wooro nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe o. Mo mọ̀ pé Màmá máa ń fi kúúrú, èyí tó ń mú irú rọ̀, sí pẹ̀tẹ̀ nígbà ìsè kejì, n kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bùkọ́lá, látìgbà tí o ti sọ pé Màmá fi orúkọ Àǹtí Ṣadé pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, oorun mi ò já geere. Jọ̀ọ́, lówùúrọ̀ tí ara wọn bá yá, gbé irú kaná níwájú wọn. Má da ìbéèrè bò wọ́n, jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é, kí o fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ fún mi.

Mo ti sá díẹ̀ nínú tèmi gbẹ. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Dúró ń bọ̀ ní Ṣakí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ti fi rán an. Kí Màmá tọ́ ọ wò.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́