Sí Máníjà Ilé-iṣẹ́ Tí Ó Ta Fáànù Kékeré fún Pálọ̀ Ńlá

Adéwọlé,
Ìlọrin, Ìpínlẹ̀ Kwara.

Ẹ̀yin Máníjà,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ FÁÀNÙ ÀJÀ TÍ KÒ TÓ YÀRÁ, ÀTI ÌLÉRÍ TÍ Ẹ KÒ MÚ ṢẸ

Mo kí yín o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìgbà tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì yín tí ó rántí kí mi. N kò ní tún máa sọ irú fáànù tí mo rà, ọjọ́ tí mo rà á àti iye tí mo san, nítorí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé yín; àwọn tí ń gba ìpè fún yín sì ti bi mí ní nọ́ńbà rìsíìtì náà títí tí mo fi lè kà á lójú oorun.

Òṣìṣẹ́ yín ni ó fi téèpù wọn pálọ̀ mi kí n tó san kọ́bọ̀, tí ó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù yín pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 14. Mo sọ fún un, mo sì sọ fún ọmọbìnrin tí ó kọ rìsíìtì fún mi, pé àwọn ìyá àsàlátù máa ń jókòó yí pálọ̀ náà ká ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àti pé mo fẹ́ kí atẹ́gùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn àti ẹni tí ó wà ní ìkángun kejì. Ẹ gbọ́ gbogbo èyí tán, ẹ wá gbé fáànù kan ṣoṣo, oníǹṣì 42, kọ́ sí àárín. Yàrá tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 lọ ni ìwọ̀n yẹn wà fún. Fìlà ọmọ ìkókó ni ẹ dé àgbàlagbà lórí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè yín. Wọ́n ní máníjà yóò pè mí padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́. Mo wá sí ilé ìtajà yín fúnra mi. Àwọn tí ń ta ọjà ní ẹjọ́ àwọn tí ń kọ́ fáànù ni, àwọn tí ń kọ́ fáànù ní àwọn kì í yan ọjà fún ẹnikẹ́ni, kí n padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó tà á. Ògiri kan ṣoṣo ni ó là wọ́n láàárín o.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé ìpè mi kẹ́yìn. Ó ní, “Ìyá, ẹ yí i sí márùn-ún, fáànù ni fáànù.” Nígbà tí mo fẹ́ ṣàlàyé, ó ní, “Àbí A/C lẹ rò pé ẹ rà ni? Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ra fáànù n’Ílọrin.” Ó sì pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Mo bí irú rẹ̀ lọ́mọ. Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ tí ń yọ ọfà lápó.

Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ́ ọ ní ohun tí ó yẹ kí ó ti mọ̀ kí ẹ tó gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Fáànù kì í sọ afẹ́fẹ́ yàrá di tútù. Ìtura rẹ̀ kò ju pé atẹ́gùn ń kàn wá lára, ó sì ń gbẹ òógùn wa, nítorí náà ẹni tí atẹ́gùn kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò jẹ nínú fáànù náà rárá. Bí a bá yí i sí márùn-ún, apá rẹ̀ á sáré, ṣùgbọ́n apá náà kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ gùn sí i: àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an a máa wá ìborùn, àwọn ti ìkángun a sì máa fi etí gèlè fẹ́ra. Yàrá tí ó gùn tó báyìí, méjì ni ó tọ́ sí i, oníǹṣì 48 kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan wà ní àárín ìdajì kọ̀ọ̀kan. Rẹ́wáyà àdúgbò wa, tí kò ní ọ́fíìsì, wo òkè lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ó bá sì sọ pé ẹ ti rán ènìyàn wá tún un ṣe, n kò gbàgbé. Kò mú fáànù mìíràn wá. Ọ̀pá gígùn ni ó mú wá, ó ní bí fáànù bá sún mọ́ wa, atẹ́gùn yóò pọ̀. Ní báyìí, láti ilẹ̀ dé apá fáànù náà kò pé ẹsẹ̀ bàtà 7 mọ́, bẹ́ẹ̀ 7 ni ó kéré jù tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, 8 tàbí 9 ni ó sì dára jù. Ẹni tí ó ga kò lè na ọwọ́ sókè wọ agbádá ní pálọ̀ mi mọ́. Mo ti pa fáànù náà. Nínú ooru oṣù Kẹta yìí, mo ra fáànù tuntun, abẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń fẹ́ra.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹ wá tú u, kí ẹ sì kọ́ méjì oníǹṣì 48 sí ibi tí ó yẹ. N ó san ìyàtọ̀ owó ọjà, ṣùgbọ́n n kò ní san owó iṣẹ́ kankan mọ́. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ kó owó mi fún mi, ti fáànù àti ti kíkọ́. Ọjọ́ 7 ni mo fún yín. Máníjà tí ó lè pe ènìyàn padà kí ilẹ̀ tó ṣú, ọjọ́ méje yẹ kí ó tó o.

Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ni n ó kọ̀wé sí, n ó sì fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ẹ fi wọn pálọ̀ mi tì í. Abala 122 nínú òfin ọdún 2018 tí àjọ náà ń lò sọ pé bí oníbàárà bá ti sọ ohun tí ó fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tí ó tà á, tí ọjà náà kò sì bá ohun náà mu, ó lè dá a padà láàárín àkókò tí ó bójú mu, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Bákan náà, àwọn ìyá àsàlátù wa tí ń kọ́lé lọ́wọ́ kò kéré, láti Adéwọlé títí dé Gáà Àkàǹbí, wọ́n sì ń bi mí ibi tí mo ti ra fáànù. N kò tíì dá wọn lóhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ pè mí, kí ẹ̀yin fúnra yín pè. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn pè mí, àfi bí ó bá fẹ́ tọrọ àforíjì.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí orúkọ àti nọ́ńbà rìsíìtì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.