Àyẹ̀wò jíìnì dára, àmọ́ ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró dè é

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn sí àpilẹ̀kọ yín lórí àyẹ̀wò jíìnì tó lè tú àṣírí jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ kí ó tó gbilẹ̀, àmọ́ ó kù síbì kan. Àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ tí àwọn obìnrin ń ṣe nílé ìwòsàn, jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ ló wà fún. Kì í sábà rí èyí tó sá pamọ́ sí awọ inú ilé ọmọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2018, tí wọ́n pè ní PapSEEK, ni láti wá àyípadà tó bá jíìnì 18 nínú ohun tí búrọ́ọ̀ṣì bá họ wá láti ọrùn ilé ọmọ. Lára àwọn obìnrin 382 tó ní jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ, ó rí i lára ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí wọ́n lo búrọ́ọ̀ṣì tó wọ inú ilé ọmọ lọ, ó di 93. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti mọ̀ pé àrùn wà lára wọn ni wọ́n dán an wò lára wọn, èyí sì yàtọ̀ sí kí a máa fi ṣọ́ obìnrin tí ara rẹ̀ dá.

Àyẹ̀wò jíìnì tó ti wúlò báyìí ni ti àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní Lynch, èyí tó máa ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá àti ti ilé ọmọ nínú ẹbí kan náà. Láti 2020 ni àjọ NICE, tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní Bìrìtéènì, ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹnikẹ́ni tí jẹjẹrẹ ilé ọmọ bá mú wò fún un. Lọ́dọ̀ tiwa, bí dókítà bá béèrè ohun tó pa bàbá, “inú rírun” la máa ń wí (bí a kò bá tiẹ̀ ní “ayé ló ṣe é”), ọ̀nà àtimọ̀ bóyá àjogúnbá ni sì ti dí.

Ọdún gbọọrọ ni mo fi ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí, mo sì ti rí ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá fún ọdún mẹ́jọ, tó rí ẹ̀jẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín pé ìgbà èwe òun ló padà. Bẹ́ẹ̀, nínú obìnrin 10 tó ti kúrò lẹ́nu nǹkan oṣù, tí jẹjẹrẹ yìí wá mú, nǹkan bí 9 ni ẹ̀jẹ̀ ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò nílò PapSEEK. Kí dókítà mú díẹ̀ nínú awọ ilé ọmọ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yìí síwájú ìwé ìròyìn yín tó ń bọ̀: obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá, tó tún wá ń rí ẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró de àyẹ̀wò jíìnì.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn